Ìgbà Ọkọ̀ Ìjàpá: Ìrántí Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì Kún Agbára Ẹ́ńjìnnì Volkswagen

Láti nǹkan bí ọdún 1960 títí di ìparí ọdún 1980 sí 1989, ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, èyí tí tọmọdé tàgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí ọkọ̀ Ìjàpá, jẹ́ ọkọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba àti ọ̀dọ́ olùkọ́ yunifásítì. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó, kò sì lè bá Peugeot 504 du ipò iwájú lójú títì, ṣùgbọ́n owó tí ìjọba ń yá òṣìṣẹ́ láti fi ra ọkọ̀ ká a, epo tó ń jẹ kò pọ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mẹkáníìkì abẹ́ igi kan láti Èkó dé Àkúrẹ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń já ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Udoji dábàá àfikún owó oṣù ní ọdún 1974, tí owó àjẹsílẹ̀ sì tẹ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní ọkọ̀ rí di ọlọ́kọ̀, ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó wà ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní ọdún 1975.

Ohun tí àwọn tó rántí ìgbà náà sábà máa ń sọ ni bí ọkọ̀ náà ṣe lágbára tó lójú ọ̀nà búburú àti bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún láti òkèèrè. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ín kò fi í sílẹ̀ bó ṣe jáde láti ilé-iṣẹ́, nítorí pé wọ́n ń wá agbára díẹ̀ kún èyí tó ní. Ìwé yìí dá lórí irú àfikún bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí sàlẹ́ńsà, ìyẹn gbogbo ètò páìpù tí èéfín ń gbà jáde, àti lórí kàbúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ìrírí ìgbà náà fi hàn ni pé àfikún tó mọ níwọ̀n, tí kò pa ètò ìtutù ẹ́ńjìnnì lára, ni ó ṣe olówó rẹ̀ láǹfààní, àti pé àwọn tó fi ìkánjú wá agbára púpọ̀ ni wọ́n máa ń padà ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kó mọ irú ẹ́ńjìnnì tí Ìjàpá ní. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì náà wà, kò sí omi nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú. Sìlíńdà mẹ́rin ni ó ní, ìyẹn àwọn ihò róbótó tí písítìnnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú wọn. Méjì nà gbalaja sí apá ọ̀tún, méjì sí apá òsì, fáànù kan tí bẹ́líìtì ń yí pọ̀ mọ́ dáínámò sì wà lókè, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn lára láti inú àpótí irin kan. Franz Xaver Reimspiess ló ya ẹ́ńjìnnì náà ní ọdún 1930 sí 1939, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ferdinand Porsche. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ náà ní Wolfsburg, ní Jámánì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àyè inú sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń fi cc kà, jẹ́ 1131, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹṣin 25. Agbára ẹṣin ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàárín àkókò kan ṣe pọ̀ tó.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ẹ́ńjìnnì 1192 cc tó jáde fún ọdún 1954 ní agbára ẹṣin 30, wọ́n sì gbé e dé 34 ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Ẹ́ńjìnnì 1285 cc, tí wọ́n ń pè ní 1300, ní agbára 40 nígbà tó dé ní ọdún 1965. 1493 cc, tí wọ́n ń pè ní 1500, dé ní ọdún 1966 pẹ̀lú agbára 44. Nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ ọdún 1970, 1584 cc tí wọ́n ń pè ní 1600 dé pẹ̀lú agbára 50. Ẹni tó bá fi ọdún wé iye yìí yóò rí i pé ó gba ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní ogún ọdún kí agbára náà tó di ìlọ́po méjì. Kì í ṣe pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè yá a jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọlé ní tóóró, kí ẹ́ńjìnnì má baà lè sáré kọjá agbára ara rẹ̀, débi pé ẹ́ńjìnnì 1600 ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán nígbà tó bá yí ìgbà 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ náà fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé eré tó pọ̀ jù lọ tí Ìjàpá lè sá ni eré tó lè máa sá láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìbàjẹ́.

Ìdánilójú yìí kò tó àwọn awakọ̀ mìíràn lójú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òkè ni ó kọ́kọ́ ń dán Ìjàpá wò. Ẹni tó kó ènìyàn mẹ́rin àti ẹrù, tó ń gba Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò ní pẹ́ já gíà sí ìkejì, kí ó tó dé orí òkè ọkọ̀ mẹ́ta yóò ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ohun tuntun kan dé bá ọkọ̀ náà: ọ̀nà gbooro, títẹ́jú, tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń já lórí rẹ̀ ṣòòrò, tí ẹni tó wà nínú Ìjàpá 1200 sì ń gbọ́ fèrè wọn lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Àárín àkókò yìí ni ìbéèrè nípa bí wọ́n ṣe lè fi agbára kún ọkọ̀ náà wá pọ̀ sí i ní àwọn ibi tí mẹkáníìkì ń jókòó sí.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí ọ̀gá mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ máa ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tó fẹ́ gbọ́, nítorí pé kì í kan ohun tuntun rárá. Yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí ni àlàfo kékeré tó wà láàárín fáàfù, ìyẹn ìlẹ̀kùn irin tó ń ṣí tó ń tì fún epo àti èéfín, àti apá irin tó ń tì í sílẹ̀. Ìwọ̀n 0.10 mílímítà ni wọ́n là kalẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, 0.15 sì ni fún àwọn ti ìgbẹ̀yìn, àárọ̀ kùtùkùtù tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Bí àlàfo náà bá kéré jù, fáàfù kò ní lè padé dáadáa, iná yóò máa jó etí rẹ̀, agbára yóò sì máa jò lọ. Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tún àlàfo kọ́ńtáàtì, ìyẹn ẹnu irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń tì kí iná lè ta, ṣe, èyí tó jẹ́ 0.4 mílímítà, kí wọ́n sì da ọ́ìlì àtijọ́ nù. Lítà méjì àti ààbọ̀ péré ni ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ń gbà, kò sì ní fíltà tòótọ́ àfi asẹ́ onírin, nítorí náà ẹni tó bá jẹ́ kí ó ju 5,000 kìlómítà lọ kí ó tó pààrọ̀ rẹ̀ ń fi ìdọ̀tí yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá pé kò lágbára padà sílé pẹ̀lú agbára tó ti sọnù, láìsí pé wọ́n ra ohunkóhun.

Bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti yá, tí olówó rẹ̀ ṣì ń fẹ́ àfikún, sàlẹ́ńsà ni ó kàn. Nínú ètò tí ilé-iṣẹ́ ṣe, èéfín láti inú sìlíńdà méjì tó wà níwájú ń gba inú páìpù gígùn kọjá kó tó dé inú àgbá sàlẹ́ńsà tó dábùú ẹ̀yìn ọkọ̀, nígbà tí ti méjì tó wà lẹ́yìn ń bọ́ sínú àgbá náà ní tààràtà. Àwọn páìpù náà kò gùn dọ́gba, ọ̀nà inú àgbá náà sì há, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n ń wá ju agbára lọ. Irú sàlẹ́ńsà tí àwọn tó ń wá agbára fi ń rọ́pò rẹ̀ ni èyí tí páìpù mẹ́rin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba ti pàdé pọ̀ sínú ẹyọ kan. Bí èéfín sìlíńdà kan bá ti ń sáré jáde nínú ọ̀kan, ó ń fa èéfín ti èkejì tẹ̀ lé ara rẹ̀, kí èyí tó kù nínú sìlíńdà má baà gba àyè mọ́ epo tuntun lọ́wọ́. Ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tú ọ̀nà ìjáde rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n ní kí ó sáré, tí wọ́n sì fi ọwọ́ bò ó nímú.

Bí páìpù náà ṣe fẹ̀ tó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣìṣe. Lójú ẹni tí kò mọ̀, páìpù tó bá fẹ̀ jù lọ ni ó dára jù lọ, ṣùgbọ́n fún ẹ́ńjìnnì tí kò ju 1600 lọ, páìpù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 35 ti tó. Bí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èéfín yóò máa rọra rìn nínú rẹ̀, fífa tí ó yẹ kó máa fa èkejì yóò dín kù, ọkọ̀ náà yóò sì di òkú nígbà tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń gun òkè, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè yìí gan-an ni olówó rẹ̀ torí rẹ̀ wá àfikún. Àwọn jórinjórin tó ń tún sàlẹ́ńsà tí òjò àti ìpẹtà ti jẹ ṣe máa ń fi páìpù tó bá wà nítòsí dí i, wọ́n á sì jó o pọ̀ bó ṣe ṣeé ṣe. Iṣẹ́ wọn gba ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ là lọ́wọ́ ìnáwó, àmọ́ ariwo ńlá tó ń jáde nínú irú sàlẹ́ńsà bẹ́ẹ̀ tan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ, tí wọ́n rò pé ọkọ̀ tó ń pariwo ti lágbára.

Ilẹ̀ olóoru ní àǹfààní kan níbi ọ̀rọ̀ sàlẹ́ńsà yìí, èyí tí àwọn ará Jámánì kò ní. Nítorí òtútù ilẹ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ náà fi àpótí irin bo páìpù èéfín méjì, kí afẹ́fẹ́ tó bá gba inú àpótí náà kọjá lè gbóná, kí ó sì wọ inú ọkọ̀ lọ mú ara àwọn tó jókòó yá. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kò sẹ́ni tó nílò irú ooru bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì lè yọ àpótí wúwo náà, kí wọ́n sì fi páìpù lásán tó tẹ̀ bí ìkọ́ rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń dín ìwúwo àti owó kù. Síbẹ̀, ẹ̀tàn wà níbẹ̀: àpótí fáànù ní ojú ihò méjì tó ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́ sí ibi ìmúgbóná náà, bí wọn kò bá sì dí ihò méjèèjì lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tu sìlíńdà lára yóò máa ṣòfò jáde. Ọkọ̀ tí wọ́n gbàgbé láti dí ihò rẹ̀ yóò dára lójú ẹni tó ń wà á fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ooru yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ run láti inú.

Kàbúrétọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Solex kan ṣoṣo ni Ìjàpá sábà ń ní, tó jókòó sí àárín, tí páìpù gígùn sì ń pín ohun tó bá pò sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí wọ́n bá ti fi sàlẹ́ńsà tó tú sílẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé yóò pọ̀ sí i, epo yóò sì di èyí tó kéré sí afẹ́fẹ́, èyí tó máa ń mú kí iná inú sìlíńdà gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ náà ń gbà mọ̀ ni pé wọ́n á tú púlọ́ọ̀gì, ìyẹn ẹ̀yà tó ń ta iná sí epo nínú sìlíńdà, wọ́n á sì wo ojú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àwọ̀ ilẹ̀, ó dára. Bí ó bá funfun, epo kò tó. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù. Jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀yà idẹ kékeré tó ní ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kàbúrétọ̀, ni wọ́n á wá fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ sí i rọ́pò. Owó iṣẹ́ yìí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òun ni ó ń pinnu bóyá àfikún sàlẹ́ńsà yóò jẹ́ èrè tàbí àdánù.

Lẹ́yìn jẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà méjì ni ó kù fún ẹni tó ṣì ń fẹ́ sí i. Ọ̀kan ni Weber tó ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ méjì nínú ara kan, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ nígbà tí awakọ̀ bá rọra ń lọ, tí èkejì sì ń ṣí nígbà tó bá tẹ epo mọ́lẹ̀ dáadáa. Èkejì ni kàbúrétọ̀ méjì, ọ̀kan lórí sìlíńdà méjì ọ̀tún, ọ̀kan lórí ti òsì, kí epo má baà rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe tuntun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 sí 1959 ni Gerhard Oettinger ti ń ta irú àkójọ ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ ní Jámánì lábẹ́ orúkọ Okrasa, ilé-iṣẹ́ EMPI tí Joe Vittone dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà sì sọ ọ́ di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń lé kiri lẹ́yìn náà.

Iye tí kàbúrétọ̀ méjì ń fi kún agbára ni ó yẹ kí ènìyàn gbé yẹ̀ wò láìsí àsọdùn, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1584 cc tó wà nínú Ìjàpá, tó ní kàbúrétọ̀ kan, ní agbára ẹṣin 50. Ẹ́ńjìnnì 1584 cc tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ Volkswagen mìíràn tó tóbi díẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 1600, ní kàbúrétọ̀ méjì, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 54. Agbára ẹṣin mẹ́rin ni ìyàtọ̀ wọn, kì í sì í ṣe kàbúrétọ̀ nìkan ló fà á, nítorí pé wọ́n tún há àyè tí písítìnnì ń fún epo sí díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ń retí pé Ìjàpá òun yóò fò bí àṣá lẹ́yìn tí ó bá ra kàbúrétọ̀ méjì kò ka ìwé ilé-iṣẹ́ náà dáadáa. Ohun tí awakọ̀ máa ń rí ni pé ọkọ̀ ń tètè dáhùn nígbà tó bá tẹ epo, pé gíà kẹta ń gbé e gun òkè tó ti ń fi gíà kejì gùn tẹ́lẹ̀, àti pé kò fi bẹ́ẹ̀ mí hẹlẹ mọ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Bùràsíìlì ló gbé ọ̀rọ̀ kàbúrétọ̀ méjì yìí dé ojú ọ̀nà gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 1959 ni wọ́n ti ń ṣe Ìjàpá, tí wọ́n ń pè ní Fusca níbẹ̀, ní São Bernardo do Campo, nígbà tó sì di ọdún 1974 wọ́n gbé 1600S jáde, tó ní kàbúrétọ̀ méjì láti ilé-iṣẹ́. Agbára ẹṣin 65 ni wọ́n kọ sí i lára, àmọ́ òṣùwọ̀n ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì láìsí ọ̀pọ̀ nínú ẹrù tó ń gbé nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́, nítorí náà kò ṣeé fi wé 50 tí àwọn ará Jámánì kọ. Ọkọ̀ Brasília, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1973 pẹ̀lú kàbúrétọ̀ kan, náà gba méjì nígbà tó yá. Èyí kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọkọ̀ Brasília yìí gan-an, tó ní ìlẹ̀kùn mẹ́rin, ni wọ́n ń kó ẹ̀yà rẹ̀ wá láti Bùràsíìlì, tí wọ́n ń tò ó ní Ọ̀jọ́, tí wọ́n sì ń tà á ní Nàìjíríà ní orúkọ Igala. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá ti Ìjàpá, ohun tó sì bá ara ọ̀kan mu sábà máa ń bá ara èkejì mu.

Kàbúrétọ̀ méjì ní ìṣòro tirẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣí dọ́gba, bí ọ̀kan bá sì ṣí ṣáájú èkejì, apá kan ẹ́ńjìnnì yóò máa fa apá kejì, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n nígbà tó bá dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyẹn gba mẹkáníìkì tó ní sùúrù àti etí. Ìṣòro kejì ni erùpẹ̀. Fíltà afẹ́fẹ́ àtilẹ̀wá Ìjàpá ní ọ́ìlì nínú, eruku tó bá wọlé á lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì náà, èyí tó bá ojú ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa mu gan-an. Ọ̀pọ̀ fíltà kékeré tó ń bá kàbúrétọ̀ méjì wá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, iyanrìn tó bá sì yọ́ wọlé yóò ha ògiri sìlíńdà. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e lọ sí abúlé, Solex kan pẹ̀lú fíltà ọlọ́ìlì sàn ju Weber méjì lọ.

Dìsìtíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, náà ní àǹfààní àti ìṣòro tirẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń wá agbára ni ti Bosch tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 009. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń sáré sí nìkan ni ó fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí iná ta, kò dà bí àwọn mìíràn tó tún ń fi èémí kàbúrétọ̀ ṣe é. Ó bá kàbúrétọ̀ méjì rẹ́, ṣùgbọ́n pẹ̀lú Solex kan ó máa ń jẹ́ kí ọkọ̀ kọsẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ epo. Kí iná má sì tètè ta jù ni ìkìlọ̀ ibẹ̀, nítorí pé iná tó bá ta ṣáájú àkókò ń lu orí písítìnnì bí òòlù. Sìlíńdà kẹta ló máa ń kọ́kọ́ jìyà irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì wà nínú àpótí fáànù, ó sì dábùú ọ̀nà afẹ́fẹ́ sìlíńdà náà, tó fi jẹ́ pé ó ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, fáàfù èéfín rẹ̀ sì máa ń já. Fún ọkọ̀ ọdún 1971 ni Volkswagen tó gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́, tó sì rí àpótí fáànù irú ti 1971 rà, ti ra ohun tó sàn ju kàbúrétọ̀ lọ.

Àwọn kan fẹ́ kí àyè inú sìlíńdà tóbi sí i. Èyí tó bọ́gbọ́n mu jù nínú irú èyí ni ti ẹni tó ní 1500, nítorí pé sìlíńdà 1500 tó fẹ̀ tó mílímítà 83 àti ti 1600 tó fẹ̀ tó 85.5 ń jókòó sínú ihò kan náà, wọn kò sì nílò láti gé irin kankan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti mílímítà 87, tó ń sọ ẹ́ńjìnnì di 1641 cc, tí òun náà ń wọ inú ihò 1600. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fa ojú mọ́ra, àmọ́ bí wọ́n ṣe fẹ inú sìlíńdà náà láìfẹ ìta rẹ̀, ògiri rẹ̀ di fẹ́lẹ́, ògiri fẹ́lẹ́ sì máa ń yí padà kúrò ní róbótó bí ooru bá mú un. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ìlọsíwájú cc 57 péré ni, kò sì tó ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ta ìfọ̀kànbalẹ̀ nù lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Gbogbo èyí ń padà sí orí ìtutù. Àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àwọn àti rọ́bà tó yí etí wọn ká ni wọ́n pààlà láàárín afẹ́fẹ́ tútù tó wà lókè, tí fáànù ń fà, àti ooru sàlẹ́ńsà tó wà nísàlẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá ti já ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, irin kan á sọnù lónìí, rọ́bà á ya lọ́la, síkúrúù tó di èkejì mú kò sì ní padà sí àyè rẹ̀, fáànù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa afẹ́fẹ́ gbígbóná tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde. Ẹ́ńjìnnì 1200 lè fara da èyí fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé agbára rẹ̀ kéré, ooru tó ń mú wá sì kéré. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi agbára kún kò lè fara dà á. Bákan náà ni iná pupa dáínámò tó wà níwájú awakọ̀: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ó lè túmọ̀ sí bátìrì nìkan, ṣùgbọ́n nínú Ìjàpá ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti já, tí fáànù sì ti dúró, ẹni tí kò bá pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀ kò ní rí i lò mọ́.

Ìgbà náà kò parí lọ́jọ́ kan. Nígbà tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní ọdún 1986, tí iye náírà sì já wálẹ̀, ohun èlò tuntun láti Jámánì kọjá agbára olùkọ́ àti akọ̀wé. Ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin àti ọjà Aráròmí ní Àgódì Gate, Ìbàdàn, kún fún ohun tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀ọ̀mù, ìyẹn ohun èlò àlòkù láti òkè òkun, àti ohun tí wọ́n ń pè ní Táíwàn, ìyẹn ayédèrú olówó pọ́ọ́kú. Ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tó ń lo omi, tó yára, tí kò sì pariwo, gba ipò Ìjàpá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tó gba òmìnira lẹ́yìn ìgbà náà kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín 1300 àti 1500 mọ́. Ní Jámánì, wọ́n ti dá ṣíṣe Ìjàpá dúró láti oṣù Kìíní ọdún 1978, èyí tó kẹ́yìn pátápátá sì jáde ní Puebla, ní Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, nígbà tí iye gbogbo rẹ̀ ti di 21,529,464.

Àwọn tó ṣì ní Ìjàpá lónìí, tí wọ́n sì fẹ́ kí ó yá díẹ̀ sí i láìsọ ọ́ di ọkọ̀ eré ìje, ní ẹ̀kọ́ kíkún láti rí kọ́ lára àwọn ẹni ìṣáájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ tún tápẹ́ẹ̀tì, kọ́ńtáàtì àti ọ́ìlì ṣe. Kí wọ́n wá gbogbo irin ìtutù tó ti sọnù, kí wọ́n sì dá rọ́bà rẹ̀ padà. Kí wọ́n ra sàlẹ́ńsà onípáìpù mẹ́rin tí kò ju mílímítà 35 lọ, kí wọ́n sì dí ihò àpótí fáànù bí wọ́n bá yọ ibi ìmúgbóná. Kí wọ́n pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ronú kan kàbúrétọ̀ tuntun. Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ fífẹ sìlíńdà sí ìgbẹ̀yìn, fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbó débi pé wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ lọ́nàkọnà. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ètò yìí kò ní lé Peugeot 504 bá, ṣùgbọ́n yóò gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú gíà kẹta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò sì pẹ́.